Ta Ló Ni Ẹ̀mí Ọmọ Ogun?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní kíláàsì Bíbélì wa bi mí bóyá Sámsónì, tó wó ilé lu ara rẹ̀ àti àwọn Filístínì, yàtọ̀ sí àwọn awa-bàálù Jàpáánì tó ń fi ara wọn ṣe bọ́ǹbù. Mo ní ó yàtọ̀ gidi. Kanoya ni mo fi ṣe ẹ̀rí.

Gúúsù erékùṣù Kyushu ni Kanoya wà. Ní 1936 ni ológun ojú omi Jàpáánì ṣí ibùdó bàálù síbẹ̀. Lóṣù Kejìlá 1941, ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ ibùdó yìí wà lára àwọn tó ri ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì méjì, Prince of Wales àti Repulse, nítòsí Malaya. Bàálù mẹ́ta péré ni wọ́n pàdánù. Ẹni tó lọ sójú ogun nígbà yẹn lè kú o, ṣùgbọ́n wọ́n ń retí rẹ̀ padà.

Nígbà tó di 1945, Ohka ló ń jáde ní Kanoya: bọ́ǹbù tó ní apá, tó sì ní ìjókòó ẹnìkan. Kò ní táyà, nítorí kò sí ibi tí yóò balẹ̀ sí. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta, bàálù 18 gbéra láti gbé Ohka lọ, Goro Nonaka ló ṣáájú wọn. Nonaka kò fara mọ́ ọn rárá: bàálù tó gbé Ohka wúwo, ó lọ́ra, bí kò bá sì ní ẹ̀ṣọ́ tó pọ̀, òfò ni. Ọ̀gá wọn, Matome Ugaki, ní kí wọ́n máa lọ. Amẹ́ríkà já gbogbo bàálù 18 náà bọ́. Ohka kankan kò kan ọkọ̀ ọ̀tá.

Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Mo gbà, bó bá jẹ́ ẹni tí yóò kú ló sọ ọ́. Bó bá ti ẹnu ọ̀gá jáde, àṣẹ ni. Sámsónì fúnra rẹ̀ ló gbàdúrà ikú rẹ̀. Kò sí ọ̀gá tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn tí yóò lọ kú. Wọ́n á ní àwọn ọmọ Kanoya wọ̀nyẹn yọ̀ǹda ara wọn. Bí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ bá nawọ́ sókè lójú ọ̀gá, ṣé ìwọ á ká tìrẹ mọ́ra? Èmi kò rò pé mo lè ṣe é. Àwọn 908 tó gbéra láti Kanoya tí wọ́n sì kú báyìí ni ọ̀wọ̀n ìrántí ibẹ̀ wà fún.

Àwọn kan ń yin Ugaki pé òun náà kú. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ 1945, lẹ́yìn tí Ọba Hirohito ti kéde lórí rédíò pé Jàpáánì túúbá, ó wọ bàálù ní Oita. Ká ní ó dá lọ ni, ǹ bá ní ó san gbèsè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàálù 11 ló gbéra, àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ló sì wà nínú wọn. Ẹ má pe ìyẹn ní ìrúbọ fún mi. Ọba wọn ti túúbá kí wọ́n tó gbéra.