Ẹni Tó Ta Ikú Rẹ̀, Tó Fi Ẹ̀rù Rẹ̀ Yáni

Nínú gbogbo ohun tí Amos Tutùọlá, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Lísàbí, kọ sílẹ̀ nígbà tó ń ṣe mẹ́sẹ́ńjà ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ní Èkó, ọ̀kan wà tí àwọn tó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ kò fara balẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló yẹ kí onígbàgbọ́, ìmàle àti aborìṣà jọ jókòó yẹ̀ wò. Nínú ìwé The Palm-Wine Drinkard, tó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1952, ọ̀mùtí kan tó ń wá adẹ́mu rẹ̀ tó ti kú lọ sí ìlú àwọn òkú, òun àti aya rẹ̀, dé ìdí igi funfun ńlá kan. Kí wọ́n tó wọ inú igi náà, wọ́n ta ikú wọn lẹ́nu ọ̀nà ní pọ́n-ùn 70, ṣílè 18 àti kọ́bọ̀ 6, wọ́n sì fi ẹ̀rù wọn yáni, pé kí ẹni tó yá a máa san èlé pọ́n-ùn 3 àti ṣílè 10 lóṣooṣù. Nígbà tí wọ́n ń jáde bọ̀, ẹni tó yá ẹ̀rù dá a padà, ó sì san èlé tó kù; ṣùgbọ́n ẹni tó ra ikú fárí gá, ó ní ohun tí òun ti fi owó rà kò tún ṣeé dá padà. Báyìí ni tọkọtaya náà ṣe gba ọ̀nà wọn lọ, tí wọn kò lè kú mọ́, síbẹ̀ tí ẹ̀rù ń bà wọ́n.

Kí ni ẹ̀rù ń wá lára ẹni tí ikú kò lè pa? Ohun tí ọ̀pọ̀ wa gbà ni pé ikú ló bí ẹ̀rù, pé bí a bá mú ikú kúrò, ẹ̀rù yóò di ọmọ òrukàn, yóò sì fẹsẹ̀ fẹ. Tutùọlá ní kò rí bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ikú, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rù, oníkálukú ló sì ní ọjà tirẹ̀ àti oníbàárà tirẹ̀.

Ẹni tó bá ń wọ ọkọ̀ láti Yábàá lọ sí Mùṣín kò ní bá a jiyàn púpọ̀. Bí kọ̀ndọ́kítọ̀ bá ti pariwo tán pé kí olúkúlùkù mú ṣéńjì rẹ̀ dání, tí ọkọ̀ sì ti gbéra, bàbá kan lè dìde láàárín èrò, Bíbélì lábíyá, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà: a ò ní rí ikú òjijì, ọkọ̀ ò ní fi wá ṣòwò ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ ò ní pa wá pọ̀ mọ́ òkú ọ̀nà. Gbogbo ọkọ̀ a dáhùn àmín, títí kan ìyá oníhíjáàbù tó wà lẹ́yìn dírẹ́bà. Àmín náà kò ì tí ì tutù lẹ́nu wọn tí bàbá yìí yóò fi tú báàgì rẹ̀, tí yóò fa egbòogi jẹ̀díjẹ̀dí àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru yọ, tí yóò sì máa ka àrùn tí ń bẹ lára ẹni tí kò tíì mọ̀ pé òun ń ṣàìsàn. Ikú ti lọ pẹ̀lú àdúrà, ẹ̀rù ṣì jókòó, ó ń pa owó. Èmi kò bú bàbá náà o. Ẹni tí ebi ń pa kì í gbọ́ ìwàásù, òun náà ní ẹnu tó ń bọ́.

Kì í ṣe inú igbó lásán ni Tutùọlá ti mú owó àti èlé inú ìtàn rẹ̀ wá. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí i ní 1920, àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ onígbàgbọ́ tí ń gbin kòkó. Nígbà ogun Hitler ó ṣe alágbẹ̀dẹ bàbà fún ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, nígbà tí ogun sì parí tí iṣẹ́ wọ́n, ó di mẹ́sẹ́ńjà. Ẹni tó ń gbé fáìlì láti ọwọ́ ọ̀gá kan dé ọwọ́ ọ̀gá mìíràn, tó sì ń fi owó oṣù ka ọjọ́, mọ iye tí ṣílè kan jẹ́. Ìdí nìyí tí iwin inú ìwé rẹ̀ fi ń ná ọjà tí wọ́n sì ń san gbèsè. Àwọn ọ̀mọ̀wé wa kan tijú, wọ́n ní ó ń dójú tì wá lójú òyìnbó, nígbà tí akéwì Dylan Thomas ń yìn ín nínú ìwé ìròyìn Observer. Ìtìjú yẹn ló yà mí lẹ́nu ju iwin lọ. Ẹni tí wọ́n ń tijú rẹ̀ yìí ni ìwé rẹ̀ jáde ní 1954, nípa abàmì obìnrin kan tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń fi àwòrán ilé han ẹni tó sọnù sínú igbó, bẹ́ẹ̀ ó di 1959 kí tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a padà sórí ọ̀rọ̀ ikú. Ní Ojúẹlẹ́gba, níbi tí ojúbọ Èṣù Láàlú, ògìrì òkò, wà láàárín ariwo ọkọ̀, kò sí ẹni tí yóò yà lẹ́nu pé ikú ní iye. Ohun tí àwọn baba wa ń fi ẹbọ ṣe nìyẹn: ènìyàn a mú ẹran sílẹ̀ kí ikú lè gbà á dípò orí rẹ̀. Ìjọ náà ní ẹnì kan ti san án, ó sì ti tán. Nínú ẹ̀sìn méjèèjì, owó ń kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń sá fún ikú, tàbí kí ẹlòmíràn san án fún un. Tutùọlá nìkan ni mo rí tó yí i padà: ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kú ni ọjà wà, òun ló sì gba owó.

Ta wá ni oníbàárà náà? Ìwé náà kò dárúkọ rẹ̀, kò sọ ohun tó fẹ́ fi ikú ẹlẹ́ni ṣe, kò sì jẹ́ kí a tún rí i mọ́. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ra ikú ẹlòmíràn, tó sì kọ̀ láti dá a padà: ọmọ ilé ìjọ tó bá ka ibẹ̀ yóò rántí ẹnì kan, bí Tutùọlá tilẹ̀ lè má ní in lọ́kàn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń yọ̀ lọ́jọ́ Àjíǹde pé a ti ra ikú wọn, tí wọ́n sì tún ń sá fún àlá, fún àjẹ́ àdúgbò àti fún ojú aládùúgbò lọ́jọ́ Ajé, kì í ṣe aláìgbàgbọ́. Wọ́n ti ta èyí tó ṣeé tà. Ẹ̀rù ni wọ́n fi yáni, ẹni tó yá a sì ti dá a padà fún wọn.