Ẹni Tó La Ọ̀nà, Ẹni Tó Tọ̀ Ọ́: Ta Ni Ẹlẹ́bi?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí èyí bá dí, èèyàn a gba ibòmíràn. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá lọ dí gbogbo ọ̀nà pa ńkọ́, tó ṣẹ́ ku ẹyọ kan ṣoṣo, tí ẹyọ kan náà sì gba inú oko olóko kọjá? Bí àwọn ọlọ́jà bá tẹ ẹ̀gẹ́ mọ́lẹ̀, ta ni ká mú? Ṣé àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ni, àbí ẹni tó dí ọ̀nà?

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ oko ni mo fẹ́ sọ o. Eré ìbọn orí kọ̀ǹpútà ni, èyí tí àwọn ọmọ wa, àti àwọn bàbá ọmọ pàápàá, ń ṣe. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹni tó ń ṣe é kì í rí ara rẹ̀. Ìbọn nìkan ló ń rí níwájú, bí ẹni pé ọwọ́ òun gan-an ló gbé e dání. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í sọ pé, "Ọkùnrin yẹn yìnbọn." "Mo yìnbọn" ló máa ń sọ.

Ó dára. Ta ló wá kọ́ ilé tó ń wọ̀, tó la kọ̀rọ̀ tó ń yà sí? Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn nìyẹn. Máàpù ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwòrán orí ìwé lásán: ògiri ni, àtẹ̀gùn ni, ilẹ̀kùn ni, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ni. Nígbà tí ilé iṣẹ́ id Software ní Amẹ́ríkà gbé Doom jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1993, John Romero ló ya èyí tó pọ̀ jù nínú máàpù apá kìíní. Nínú máàpù àkọ́kọ́ pàá, ẹ ó wo ìta láti ojú fèrèsé, ẹ ó rí ẹ̀wù ogun aláwọ̀ búlúù kan ní gbangba. Kò sí ilẹ̀kùn tó hàn sójú tó lọ síbẹ̀. Ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ ló wà. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún yín, síbẹ̀ ẹsẹ̀ yín ti ń wá ọ̀nà. Bí ẹni tó ya máàpù ṣe ń darí èèyàn nìyẹn. Kì í sọ̀rọ̀. Ó kàn ń tan iná síhìn-ín, ó ń ti ilẹ̀kùn lọ́hùn-ún.

Agbára ńlá ni. Kí ni wọ́n wá ń fi í ṣe?

Ní 2009, Call of Duty: Modern Warfare 2 jáde. Abala kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n pè ní "No Russian". Pápá ọkọ̀ òfurufú kan ní Moscow ni, ẹni tó ń ṣeré sì jẹ́ amí Amẹ́ríkà tó dọ́gbọ́n wọ àárín àwọn apààyàn. Wọ́n jáde nínú líìfìtì, wọ́n dáná ìbọn bo èrò. Ẹ kò lè padà sẹ́yìn. Bí ẹ bá sì yìnbọn sí àwọn apààyàn náà, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn, ẹ ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ìka yín ṣì jẹ́ tiyín: ẹ lè la àárín èrò náà kọjá láìyìnbọn sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn. Ẹ tilẹ̀ lè fo abala náà pátápátá.

Ní 2012, ilé iṣẹ́ Yager ní Berlin ṣe Spec Ops: The Line, nípa ìlú Dubai tí iyanrìn bò mọ́lẹ̀. Níbì kan, ẹ ó rí ọmọ ogun rẹpẹtẹ nísàlẹ̀, ohun tó sì wà nítòsí ni àdó olóró kan tó ń jó ẹran ara. Bí ẹ bá ní ìbọn lásán lẹ ó lò, ọ̀tá kò ní tán. Ẹ jù ú tán, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ wá rí i pé àwọn ará ìlú wà níbẹ̀, tìyátọmọ, wọ́n ti jóná. Lẹ́yìn náà ni eré fúnra rẹ̀ ń bi yín bóyá ẹ ti di akọni báyìí.

Lójú tèmi, ìyẹn kò tọ́. Ẹni tó ti gbogbo ilẹ̀kùn kò lẹ́nu láti bú ẹni tó gba ẹyọ kan tó ṣí. Àwọn kan á ní, "Ó lè pa kọ̀ǹpútà, kó dìde." Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ti wọ àpò yín kí ẹ tó rántí sọ fún un.

Ṣé ẹni tó ń ṣeré wá mọ́ pátápátá ni? Rárá o. Ní Moscow, ilẹ̀kùn wà. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ṣebí à fi tọmọ jẹ́ ẹ ni. Ẹni tó yìnbọn sí èrò níbẹ̀ kò lè ní máàpù ló rán òun.

Mo ti ń gbọ́ ẹni tó ń sọ pé, "Eré mà ni, kò sẹ́ni tó kú." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà tí eré yìí lè fi kọ́ni: "Kò sí ọ̀nà míràn." A mọ gbólóhùn yẹn. Òun ni akọ̀wé ń sọ nígbà tó bá ń dá arúgbó padà ní ọ́fíìsì. Àwọn tó ń la ọ̀nà náà sì mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ara wọn: wọ́n á la títì ńlá sáàárín ìlú láìṣe afárá ẹlẹ́sẹ̀, wọ́n á tún ní kí wọ́n mú ẹni tó sáré kọjá.

Ẹ̀bi kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni tó la ọ̀nà ni ká kọ́kọ́ bi pé ilẹ̀kùn mélòó ló fi sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ká bi ẹni tó tọ̀ ọ́ pé mélòó ló tì wò.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, nígbà tí ọmọ bá dìde nídìí eré ìbọn, ẹ má kàn bi í pé èèyàn mélòó ló pa. Ẹ bi í pé: "Ṣé ọ̀nà míràn wà níbẹ̀? Ṣé o wá a?"