Bí Ilé-iṣẹ́ Tẹlifóònù Bá Yan Orí

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, adájọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, pàṣẹ fún ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù Sprint pé kò gbọdọ̀ tíì pa WiMAX, nẹ́tíwọọ̀kì rẹ̀ tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì gba inú afẹ́fẹ́, ní àwọn ìlú kan. Ó ní kí wọ́n fún àwọn tó ń lò ó ní 90 ọjọ́ sí i. Àwọn méjì tó gbé Sprint lọ sílé ẹjọ́, Mobile Beacon àti Mobile Citizen, kì í ṣe oníṣòwò tó ń wá èrè. Iṣẹ́ wọn ni láti máa fi owó pọ́ọ́kú pèsè íntánẹ́ẹ̀tì fún ilé-ẹ̀kọ́, ilé ìkàwé àti àwọn ìdílé tí ọwọ́ wọn kò tó nǹkan. Ọmọ tó ń fi ẹ̀rọ kékeré yẹn ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lè má mọ ohun tó ń jẹ́ WiMAX. Kò sí ẹni tó bi í léèrè lọ́jọ́ tí wọ́n yan ẹ̀rọ náà. Síbẹ̀, òun ni wọ́n fẹ́ já okùn rẹ̀.

Ìbéèrè tó wà nídìí ẹjọ́ yìí ti pẹ́ láyé ju ẹ̀rọ lọ. Bí ènìyàn bá yan nǹkan láìmọ ibi tí yóò já sí, tí nǹkan náà sì forí ṣánpọ́n, ṣé ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀? Bó bá wá jẹ́ pé orí ẹlòmíràn ni ìyà rẹ̀ bọ́ sí ńkọ́?

Kí ẹnikẹ́ni tó dá Sprint lẹ́bi, ó yẹ kó kọ́kọ́ wo ohun tó wà nílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2006, nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà kéde pé WiMAX lòun yóò lò. Sprint ti da ara rẹ̀ pọ̀ mọ́ Nextel lọ́dún 2005, ìgbì rédíò 2.5 GHz tó pọ̀ sì wà níkàáwọ́ rẹ̀. Àmọ́ FCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ìgbì rédíò, ti fi gbèdéke sí i: kí ọdún mẹ́rin tó pé, iṣẹ́ tó ń lo ìgbì náà gbọ́dọ̀ ti dé àdúgbò mílíọ̀nù 15 ènìyàn. WiMAX ti wà nílẹ̀ ní tirẹ̀. IEEE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ẹ̀rọ, ti fọwọ́ sí irú èyí tó ṣeé gbé rìn ní òpin ọdún 2005, Intel wà lẹ́yìn rẹ̀ gbágbáágbá, Motorola àti Samsung sì ṣe tán láti máa ṣe ẹ̀rọ rẹ̀. LTE tí yóò wá bá a du ipò ṣì wà lórí ìwé. Ìparí ọdún 2008 ni wọ́n tó parí ìlànà rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tó ní gbèdéke lọ́rùn, tí ohun tó lè lò sì wà níwájú rẹ̀, kí ni yóò máa dúró dè?

Verizon, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù mìíràn ní Amẹ́ríkà, dúró ní tirẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2007 ló kéde pé LTE lòun yàn. Nínú àwọn ìdílé ẹ̀rọ tí fóònù alágbèéká ń lò, inú ìdílé CDMA ni Verizon wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n Vodafone ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ní ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ alágbèéká Verizon nígbà náà, wà nínú ìdílé GSM, ìdílé yìí tó tóbi jù lọ láyé sì ti kọjú sí LTE. Verizon ra ìgbì 700 MHz lọ́dún 2008 ní owó tó lé ní bílíọ̀nù 9 dọ́là. Oṣù Kejìlá ọdún 2010 ló tó ṣí LTE fún aráàlú, ní agbègbè ìlú ńlá 38 lẹ́ẹ̀kan náà. Ní gbogbo àkókò yẹn Sprint ló ń léwájú. Ó ti ń ta WiMAX ní Baltimore láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008, fóònù HTC EVO sì jáde lọ́dọ̀ rẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2010. Ẹni tó bá kọ ìtàn náà nígbà yẹn, Sprint ni ì bá pè ní ọlọ́gbọ́n. Kò ju ọdún kan àbọ̀ lọ tí Sprint fúnra rẹ̀ fi kéde, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2011, pé òun ń bọ̀ wá sí LTE.

Kí ló bà á jẹ́? Ìgbì 2.5 GHz kì í fẹ́ wọ ògiri. Ẹni tó bá gbé fóònù sójú fèrèsé yóò rí nẹ́tíwọọ̀kì, bó bá wọ yàrá inú lọ, ó ti di àwátì. Ìyẹn jẹ́ ìṣòro, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun gan-an ló pa á. Ohun tó pa á ni pé àwọn yòókù kò tẹ̀ lé e. Ibi tí oníbàárà pọ̀ sí ni àwọn tó ń ṣe fóònù máa ń ṣe fóònù fún, ibi tí fóònù pọ̀ sí ni oníbàárà sì máa ń lọ. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ lágbàáyé ya sọ́dọ̀ LTE, ẹ̀rọ WiMAX di ọ̀wọ́n, ti LTE di ọ̀pọ̀. Àní lọ́dún 2008, Intel, Google, Comcast àti àwọn mìíràn kó owó bílíọ̀nù 3.2 dọ́là jọ sínú Clearwire, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé WiMAX náà kiri. Owó ńlá nìyẹn, àmọ́ kò ra ọkàn àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ilẹ̀ Yúróòpù àti Éṣíà. Yíyàn tí Sprint ṣe kò burú lọ́jọ́ tí ó ṣe é. Yíyàn àwọn ẹlòmíràn, tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tirẹ̀, ló sọ ọ́ di búburú.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò. Lọ́dún 1976, Bernard Williams ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Thomas Nagel ti Amẹ́ríkà gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ tí kò tíì tán nílẹ̀ títí dòní: ṣé ó tọ́ kí oríire àti oríburúkú máa pinnu ẹni rere àti ẹni búburú? Nagel ní kí a wo awakọ̀ akẹ́rù tí kò tún bíréèkì rẹ̀ wò. Bí ọmọdé kan bá sáré já sójú títì, tí ó gbá a pa, ayé yóò kà á sí ẹni tó jẹ̀bi ẹ̀jẹ̀. Bí ọmọ kankan kò bá já sí títì lọ́jọ́ náà, awakọ̀ yìí kan náà yóò délé jẹun, yóò sì sùn, bẹ́ẹ̀ àìbìkítà kan náà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn babaláwo ti bá ọ̀rọ̀ yìí jà tipẹ́tipẹ́, èrò tiwọn sì jinlẹ̀ ju bí a ṣe sábà máa ń kà á sí lọ. Nínú odù Ifá tó ń jẹ́ Ògúndá Méjì, gẹ́gẹ́ bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ṣe kó o sínú ìwé, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń bọ̀ wá sáyé láti ọ̀run: ọmọ Ògún, ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n ní láti yan orí nílé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí, tó sì tún jẹ́ ajẹgbèsè paraku. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ń kánjú. Wọ́n dé ilé Àjàlá, wọn kò bá a, wọ́n wọ ibi tí orí wà, wọ́n sì gbé àwọn tó tóbi, tó ń dán. Wọn kò mọ̀ pé iná kò tíì mú àwọn orí náà dáadáa. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ lọ́nà ni òjò ńlá dé, ó ń lu orí wọn, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dáyé, gbogbo èrè iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ná lórí àtúnṣe orí yẹn.

Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Wọ́n dá Ifá, wọ́n ní kó rúbọ, kó sì mú iyọ̀ àti owó dání. Ó bá oníbodè kan lọ́nà tó ń fi eérú se ọbẹ̀, ó bu iyọ̀ fún un, ọbẹ̀ náà dùn. Oníbodè mọ̀ nípa orí; ó gbà láti bá a débẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ilé Àjàlá, ológò ti jókòó dè é, Àjàlá sì ti sá sí àjà ilé. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà. Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó mú un wọlé, ó sì fúnra rẹ̀ bá a yan orí tó jinná.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣẹ́gun Gbádégẹṣin, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò, ti béèrè bóyá a lè pe èyí ní yíyàn rárá, nígbà tí ẹni tó ń yàn kò mọ ohun tó wà nínú orí. Ìbéèrè tó lágbára ni. Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò sọ pé Afùwàpẹ́ mọ ọ̀la. Ojú rẹ̀ kò ríran ju ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ni pé ó mọ̀ pé òun kò mọ̀, ó sì hùwà bí ẹni tí kò mọ̀: ó béèrè, ó dúró, ó ná owó rẹ̀ sórí ìṣòro ẹlòmíràn. Nítorí náà a lè dá ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ tó yan ẹ̀rọ láìdúró de kí ẹ̀rọ náà yọrí sí rere tàbí búburú. Ohun tó yẹ ká wò ni bó ṣe yàn.

Síbẹ̀, ibì kan wà tí ìtàn náà kò bá ọ̀rọ̀ tẹlifóònù mu, ibẹ̀ ló sì gba ìrònú jù. Kálukú ló ru orí tó yàn. Òjò tó pa ọmọ Ògún, orí ọmọ Ògún ló jẹ. Bí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù bá yan orí, oníbàárà ló ń rù ú wọnú òjò.

Àwọn ará Nàìjíríà mọ èyí dáadáa. Lẹ́yìn tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ tẹlifóònù ní Nàìjíríà, ta àṣẹ GSM ní oṣù Kìíní ọdún 2001, ní mílíọ̀nù 285 dọ́là fún ẹyọ kan, ilé-iṣẹ́ bíi Multi-Links, Starcomms àti Reltel ń lo CDMA, Visafone sì dara pọ̀ mọ́ wọn nígbà tó yá. CDMA kì í ṣe ẹ̀rọ yẹpẹrẹ. Orí ìgbì kan náà, ènìyàn tó pọ̀ ju ti GSM lọ lè sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn tó ń ta ìpè lábẹ́ agboòrùn fẹ́ràn rẹ̀ nítorí owó rẹ̀ kò gani lára. Àmọ́ inú ọ̀pọ̀ fóònù CDMA fúnra rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ń kọ nọ́ńbà sí. Kò sí síìmù tí ènìyàn lè yọ kó fi sínú òmíràn. Bí ilé-iṣẹ́ bá kógbá sílé, fóònù di ohun ìṣeré ọmọdé, nọ́ńbà tí gbogbo oníbàárà mọ̀ sí ẹni sì bá a lọ. Telkom ti South Africa ra ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún Multi-Links lọ́dún 2007 ní mílíọ̀nù 280 dọ́là. Lọ́dún 2011 ó ta ilé-iṣẹ́ náà dànù ní mílíọ̀nù 10. Àdánù yẹn wọ ìwé ìṣirò, àwọn oníròyìn kọ ọ́. Àdánù ìyálọ́jà tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń pè é títí tí wọn kò rí i pè mọ́, ìwé wo ló wọ̀?

Nígbà tí NCC bẹ̀rẹ̀ ètò kí ènìyàn lè gbé nọ́ńbà rẹ̀ láti nẹ́tíwọọ̀kì kan sí òmíràn, ní oṣù Kẹrin ọdún 2013, àárín àwọn ilé-iṣẹ́ GSM nìkan ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ẹ̀rọ wọn ń kú lọ, tí ì bá ṣàǹfààní fún jù lọ, ni wọ́n fi sẹ́yìn. Èyí kò dára, kò sì yẹ kí ó tún ṣẹlẹ̀. Pé ọ̀nà àbáyọ wà hàn nígbà tí MTN ra Visafone: nọ́ńbà 0704 tó jẹ́ ti Visafone wọ inú MTN, ó sì ń dún títí dòní.

Ọ̀rọ̀ náà tún ń bọ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, AT&T pa 3G rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó sì fi fóònù tuntun ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí àwọn oníbàárà kan tí tiwọn kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ní Nàìjíríà, àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń fẹ́ kó ìgbì àtijọ́ fún 4G àti 5G, bẹ́ẹ̀ fóònù kékeré oníbọ́tìnnì tó ń lo 2G ṣì pọ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀ àti àwọn àgbàlagbà. Kí NCC tó fọwọ́ sí i pé kí ẹnikẹ́ni pa 2G, ó yẹ kí ilé-iṣẹ́ náà ti fi owó fóònù àwọn wọ̀nyí lélẹ̀, kí wọ́n sì ti kéde ọjọ́ rẹ̀ lórí rédíò, ní èdè tí wọ́n gbọ́, ní ọdún méjì ṣáájú, ó kéré tán.