Àpáta Ni Kí Ọ̀gá Lọ Fọ́

  

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin, ọ̀rọ̀ ìyànjú wa lóṣù yìí kan àwọn tí Ọlọ́hun ti fi ṣe olórí níbi iṣẹ́: ọ̀gá iléèwé, ìyá tó ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, ẹni tó ń darí àwọn òṣìṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, àti ààrẹ ẹgbẹ́ bíi tiwa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti fi iṣẹ́ lé àwọn kan lọ́wọ́, a sì ní kí wọ́n jọ ṣètò rẹ̀ láàárín ara wọn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ojúṣe ọ̀gá lẹ́yìn tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán?

Oríṣi ọ̀gá méjì ló ń ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́. Ọ̀kan á ní, "Ẹ ṣe é bó bá ṣe wù yín." Ìgbà tí wọ́n bá ṣe é tán ni yóò ní òun kò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Èkejì á fi wọ́n sílẹ̀ pátápátá. Kò sówó, kò sí irinṣẹ́, wọn kò sì rí i bá sọ̀rọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ gba àmánà padà lọ́wọ́ ẹni tó fún. Ẹni kejì sá fún àmánà tirẹ̀. Tó bá ṣe lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn ọ̀dọ́ tó ní làákàyè á dákẹ́, wọ́n á máa wojú ọ̀gá kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilé. Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà tiwa níhìn-ín, ní Ìlá, ní Òkè-Ìlá àti ní Ọ̀rà, àwọn bàbá wa mọ àáró. Àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ á kó ara wọn jọ. Lónìí wọ́n wà lóko ẹnìkan, lọ́jọ́ mìíràn lóko ẹlòmíràn, títí yóò fi kárí. Ẹni tó bá ń pẹ́ dé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń bá a wí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó loko. Òun ló ń fi ààlà ilẹ̀ hàn wọ́n, òun ló ń sọ bóyá ebè ni wọn yóò kọ tàbí oko ni wọn yóò ro. Òun ló ń wá oúnjẹ àti omi, ó sì ń gbé ọkọ́ bíi tiwọn. Kì í dúró lórí ẹnikẹ́ni kó máa kọ́ ọ bí a ṣe ń kọ ebè, nítorí gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n kọ.

Ohun tí Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣe ní Mẹ̀dínà kò jìnnà sí èyí. Ní ọdún karùn-ún Híjírà, èyí tí í ṣe 627, àwọn Kùráéṣì àti àwọn alájọṣe wọn ń bọ̀ wá gbógun ti ìlú náà. Salman ará Páṣíà ló mú àbá wá pé kí wọ́n gbẹ́ kòtò gbọọrọ dí ọ̀nà. Ànọ́bì kò wò ó pé àlejò ni. Ó gba àbá náà. Àwọn òpìtàn Islam sọ pé ó pín iṣẹ́ náà fún wọn, ènìyàn 10 sí ìgbọ̀nwọ́ 40, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi mọ ibi tí tirẹ̀ dé. Òun fúnra rẹ̀ ru erùpẹ̀ títí eruku fi bo ikùn rẹ̀. Nígbà tí àpáta líle kan dí wọn lọ́wọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n wá. Ebi ń pa á, ó ti so òkúta mọ́ ikùn. Síbẹ̀ ó sọ̀ kalẹ̀, ó lu àpáta náà, ó sì rún bí iyanrìn. Nígbà tí Jabir sì ní kí òun àti ẹnìkan tàbí méjì wá jẹun, gbogbo àwọn tó ń gbẹ́ kòtò ló pè.

Ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀ dáadáa. Ibi tí agbára wọn ká, ó bá wọn ṣiṣẹ́. Ibi tí agbára wọn kò ká, ó bá wọn ṣí ọ̀nà.

Ẹnìkan lè bi wá pé, bí wọ́n bá wá ṣìṣe ńkọ́? Ẹ rántí Uhud, ọdún kẹta Híjírà (625). Èrò Ànọ́bì ni kí wọ́n dúró sínú ìlú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ tí kò sí ní Badr, fẹ́ jáde lọ pàdé ọ̀tá, ó sì gba tiwọn. Àwọn tafàtafà kan kúrò níbi tó ní wọn kò gbọdọ̀ kúrò, nǹkan bí 70 Mùsùlùmí ló sì kú lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn èyí ni áyà 159 nínú Súrà Āl-Imrān sọ̀kalẹ̀. Bí a bá ń retí pé Ọlọ́hun yóò ní kó má gbọ́ tẹnu wọn mọ́, òdìkejì la bá níbẹ̀: kó forí jì wọ́n, kó tọrọ àforíjìn fún wọn, kó sì tún máa bá wọn gbìmọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá, èkínní, ẹ fi ààlà hàn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: ohun tí a fẹ́, ìgbà tí a fẹ́ ẹ, àti iye owó tó wà nílẹ̀. Èkejì, ẹ fi ọgbọ́n iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹni tó mọ iṣẹ́. Ànọ́bì fúnra rẹ̀, lórí ọ̀rọ̀ igi dàbínù ní Mẹ̀dínà, jẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ mọ̀ pé àwọn ló mọ ọ̀ràn ayé wọn jù. Ẹ̀kẹta, ẹ máa bi wọ́n léèrè àpáta tó dí wọn lọ́wọ́, ìbáà ṣe ìwé tí a kò fọwọ́ sí tàbí owó tó há síbì kan, kí ẹ sì lọ fọ́ ọ. Ẹ̀kẹrin, bí iṣẹ́ bá dára, ẹ dárúkọ àwọn tó ṣe é. Bó bá bàjẹ́, ẹ má sá pamọ́ sẹ́yìn wọn. Olùṣọ́ ni kálukú wa, a ó sì bi wá léèrè agbo wa lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀.

Ẹ̀yin tí a fiṣẹ́ lé lọ́wọ́ náà, ẹ má sọ òmìnira di ìwà ìbàjẹ́. Áyà 62 nínú Súrà An-Nūr yin àwọn tí kì í fi iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe sílẹ̀ láìgbàyè. Ẹni tí a bá bá ṣe àáró tí kò wá san án, ta ni yóò tún tẹ̀lé e lọ sóko?

Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe olórí tó ń gbé ènìyàn ró, kó sì fi ìbùkún sí ohun tí a bá jọ dáwọ́ lé. Àmín.