Àlejò Ìgbà Òtútù

Bí ará Elekahia ní Port Harcourt bá kówó jọ láti wo Lọ́ńdọ̀nù, ó lè jẹ́ oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni agbára rẹ̀ ká. Òtútù ń mú nígbà náà, oòrùn a sì ti wọ̀ kí aago márùn-ún tó lù. Ìdí nìyí tí owó ọkọ̀ òfuurufú fi sábà máa ń wálẹ̀ lẹ́yìn Kérésìmesì. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú owó pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí Lọ́ńdọ̀nù bí?

Kí ó kọ́kọ́ wo àdúgbò tirẹ̀. Àlejò tí ó dé Elekahia ní ọjọ́ bọ́ọ̀lù, nígbà tí èrò kún Pápá Ìṣeré Yakubu Gowon, ariwo ni yóò ròyìn. Ẹni tí ó bá wọn nínú òjò oṣù Agẹmọ ni ó mọ bí wọ́n ti ń gbé.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, ènìyàn lè dúró pẹ́ ní British Museum, níbi tí a kì í gba owó ìwọlé, níwájú orí idẹ tí a hú ní Wúnmọníjẹ̀, Ilé-Ifẹ̀, ní 1938, láìsí èrò tí yóò tì í. Ìbéèrè tí ariwo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í jẹ́ kí a gbọ́ yóò wá sọ sí i lọ́kàn: ta ni àlejò níhìn-ín, òun tí ó sanwó ọkọ̀ ni, tàbí orí tí ó ti wà níbẹ̀ láti 1939?