Gbèsè ni Ẹ̀jẹ́, tàbí Ìdè?

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà tí mo gbé ọwọ́ lé Bíbélì bàbá mi, tí mo sì búra pé títí ọjọ́ ayé mi n kì yóò fi ẹsẹ̀ tẹ ilé àbúrò bàbá mi mọ́, n kì yóò jẹ oúnjẹ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kì yóò mu omi rẹ̀. Bàbá mi kò tíì pé ọdún kan ní sàréè nígbà náà. Ilẹ̀ kan ṣoṣo tí ó fi sílẹ̀, èyí tí a rò pé a ó tà láti fi san owó ilé-ìwé mi, ni àbúrò rẹ̀ tà lẹ́yìn wa, tí kò sì fún wa ní kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ìyá mi wà níbẹ̀ nígbà tí mo ń búra. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì sọ ohunkóhun.

Ọdún márùn-ún gbáko ni mo fi pa ìbúra náà mọ́. Kí n má purọ́ fún yín, mo tilẹ̀ ń fi yangàn. Mo ń wí lọ́kàn ara mi pé nínú ayé tí ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn ti di afẹ́fẹ́ yìí, èmi ní tèmi sọ̀rọ̀ kan, mo sì dúró tì í. Ṣùgbọ́n ní oṣù Keje tí ó kọjá, ìyá mi pè mí lórí fóònù, ó ní, "Bàbá rẹ ń béèrè rẹ." Àyà mi já, nítorí bàbá mi ti kú. Kí n tó lanu ni ó ti ṣàlàyé pé àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá àbúrò bàbá mi dùbúlẹ̀, pé apá kan ara rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, àti pé orúkọ mi ni ó ń pè.

Mo ní, "Màmi, ẹ mọ̀ pé mo ti búra."

Ó ní, "Mo mọ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo jẹ́."

Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin òǹkàwé mi nìyí: bí ènìyàn bá fi ìbínú jẹ́ ẹ̀jẹ́, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ó mú un ṣẹ nígbà tí mímú un ṣẹ yóò pa ọmọnìkejì rẹ̀ lára? Bí kò bá sì mú un ṣẹ, ǹjẹ́ kò ti di òpùrọ́ níwájú Ọlọ́run àti ènìyàn?

Ẹ̀kọ́ èdè ni mò ń kọ́ ní yunifásítì, mo sì mú èdè Hébérù mọ́ iṣẹ́ mi. Àwọn Júù pín ìwé Mósè márààrún sí ìpín 54, wọ́n sì ń kà wọ́n ní sínágọ́gù ní ọjọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan títí ọdún yóò fi yí po. Àwọn Júù tí wọ́n gbà pé Jésù ni Mèsáyà náà ń ka ìpín wọ̀nyí, wọn a sì máa wo Ìhìn Rere mọ́ wọn. Ní ọ̀sẹ̀ tí ìyá mi pè mí yìí, ìpín tí ó kàn ni Matot, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní orí 30 ìwé Nọ́ḿbà tí ó sì parí ní òpin orí 32. Òfin ẹ̀jẹ́ ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Mo ka ẹsẹ àkọ́kọ́, mo sì fẹ́ pa ìwé dé, nítorí ó dà bí ẹni pé èmi gan-an ni ó ń bá wí. Mósè sọ fún àwọn olórí ẹ̀yà pé ẹni tí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún Olúwa, tàbí tí ó búra láti de ara rẹ̀, kò gbọdọ̀ ba ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́. Gbogbo ohun tí ó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde ni kí ó ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ọ̀rọ̀ náà dáadáa, nítorí iṣẹ́ ẹni tí ó ń kọ́ èdè nìyẹn. Ọ̀rọ̀ Hébérù tí a túmọ̀ sí "bà jẹ́" níhìn-ín wá láti inú gbòǹgbò tí ó túmọ̀ sí pé kí a sọ ohun mímọ́ di yẹpẹrẹ. Ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn jẹ́ ohun mímọ́, bí ohun èlò inú tẹ́ḿpìlì. Ọ̀rọ̀ kejì ni "issar", èyí tí ó wá láti inú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí dídè, bí a ti ń fi okùn de nǹkan. Ẹ̀kẹta wà nínú ìwé Deutarónómì, níbi tí a ti kìlọ̀ pé kí ẹni tí ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ má ṣe fi falẹ̀ láti san án. Sísan ni Hébérù ń lò fún ẹ̀jẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń wí pé a san ẹ̀jẹ́ wa. Ẹ wá wò ó: àwòrán méjì ni ó wà níhìn-ín, gbèsè àti ìdè. Gbèsè ni à ń san. Ìdè ni à ń tú. Lójú tèmi, inú ìyàtọ̀ méjèèjì yìí ni ìdáhùn ìbéèrè wa wà.

Ìpín Matot fúnra rẹ̀ fi gbèsè hàn wá ní òpin rẹ̀. Àwọn ọmọ Rúbẹ́nì àti ọmọ Gáádì rí i pé ilẹ̀ Jásérì àti Gílíádì dára fún ẹran ọ̀sìn, wọ́n sì bẹ̀bẹ̀ pé kí a fún àwọn ní ìhà ìlà-oòrùn odò Jọ́dánì. Ẹ̀rù ba Mósè pé wọn yóò fi àwọn arákùnrin wọn sílẹ̀ nínú ogun. Wọ́n wá ṣèlérí pé àwọn yóò di ìhámọ́ra, àwọn yóò ṣáájú, àwọn kì yóò sì padà sílé títí olúkúlùkù yóò fi gba ogún rẹ̀. Mósè dá wọn lóhùn pé kí wọ́n ṣe ohun tí ó ti ẹnu wọn jáde. Ọ̀rọ̀ kan náà tí ó fi ṣí ìpín náà ni ó tún ń lò ní ìparí yìí. Irú ìlérí bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró, nítorí ẹlòmíràn ti fi ẹ̀mí rẹ̀ lé e.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti àwọn ará Gíbíónì. Ẹ̀tàn ni wọ́n fi gba ìbúra lẹ́nu Jóṣúà àti àwọn àgbààgbà, síbẹ̀ nígbà tí àṣírí tú, àwọn àgbààgbà kò jẹ́ kí a pa wọ́n, nítorí wọ́n ti búra. Ìgbà tí Sọ́ọ̀lù wá da májẹ̀mú náà, tí ó pa nínú wọn, ìyàn mú ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì fún ọdún mẹ́ta ní ayé Dáfídì. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ìbúra tí kò dùn mọ́ òun kì í ṣe ìbúra. Èyí tí ó dáàbò bo ẹ̀mí ọmọnìkejì, bí ó tilẹ̀ korò, a ó san án.

Ṣùgbọ́n ẹ yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Jẹ́fítà jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí òun bá ṣẹ́gun àwọn ará Ámónì, ohunkóhun tí ó bá jáde láti ilé òun wá pàdé òun ni òun yóò fi rú ẹbọ sísun. Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí, ni ó jáde pẹ̀lú ìlù àti ijó. Baba fa aṣọ ya, ó ní òun ti ya ẹnu òun sí Olúwa, òun kò sì lè padà. Ohùn kan péré ni ó wà láàrin ẹ̀jẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ ní èdè wa. Ní ilé Jẹ́fítà, ohùn náà yí padà. Hẹ́rọ́dù pẹ̀lú búra fún ọmọbìnrin tí ó jó fún un, ojú sì tì í láti yẹ ìbúra náà lójú àwọn àlejò rẹ̀. Orí Jòhánù Onítẹ̀bọmi ni wọ́n gbé wá nínú àwo. Ta ni yóò yin Hẹ́rọ́dù pé ó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ? Sọ́ọ̀lù náà fi ìbúra de àwọn ènìyàn pé ègún ni fún ẹni tí ó bá jẹun kí alẹ́ tó lẹ́. Jónátánì ọmọ rẹ̀ tí kò gbọ́ ìbúra náà fi ẹnu kan oyin. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní irun orí rẹ̀ kan kì yóò bọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ náà, àwọn ènìyàn ni wọ́n gbọ́n ju Sọ́ọ̀lù lọ.

Àwọn olùkọ́ Júù àtijọ́ kò gbójú fo Jẹ́fítà. Wọ́n ní Fíníhásì àlùfáà ìbá ti lè wá ọ̀nà àti tú ẹ̀jẹ́ náà. Ṣùgbọ́n Fíníhásì ní, òun ni ó nílò mi, èmi yóò ha tọ̀ ọ́ lọ bí? Jẹ́fítà náà ní, èmi tí mo jẹ́ olórí Ísírẹ́lì, èmi yóò ha tọ̀ ọ́ lọ bí? Láàrin ìgbéraga àwọn méjèèjì ni ọmọ náà ti ṣègbé.

Báwo ni à ń ṣe ń tú ẹ̀jẹ́ nígbà náà? Wọ́n kọ́ni pé ẹni tí ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ kò lè tú u fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ẹlòmíràn lè tú u fún un. Ọlọ́gbọ́n kan, tàbí ènìyàn mẹ́ta. Nínú Mishnah, ìwé òfin tí a kó jọ ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Jésù, apá kan odidi wà tí ó dá lórí ẹ̀jẹ́ nìkan, Nedarim ni orúkọ rẹ̀. Irú ẹ̀jẹ́ tí ó pọ̀ níbẹ̀ jù ni irú tèmi gan-an: lágbájá búra pé òun kò ní bá làkásègbè jẹ, òun kò ní gba oore lọ́wọ́ rẹ̀. Rábì Meir ní kí a bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé, ká ní o mọ̀ pé ẹ̀jẹ́ rẹ yóò mú ọ rú òfin tí ó ní kí o má gbẹ̀san, kí o má di kùnrùngbùn, kí o fẹ́ràn ọmọnìkejì rẹ, ká ní o mọ̀ pé ó lè di tálákà tí ìwọ kì yóò sì lè ràn án lọ́wọ́, ǹjẹ́ ìwọ ìbá ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ náà? Bí ó bá ní òun kì bá tí jẹ́ ẹ, a tú u. Ṣíṣí ilẹ̀kùn ni wọ́n ń pe ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Jésù dé ibi kan náà. Ó bá àwọn tí wọ́n fi ohun ìní wọn jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún Ọlọ́run wí, tí wọ́n sì tipa bẹ́ẹ̀ fi ìyá àti bàbá wọn sílẹ̀ nínú àìní. Ó ní kí a má tilẹ̀ búra rárá, kí bẹ́ẹ̀ ni wa jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí bẹ́ẹ̀ kọ́ wa sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Síbẹ̀ òun náà ni ó pa òwe àwọn ọmọkùnrin méjì tí bàbá wọn rán lọ sí ọgbà àjàrà. Ọ̀kan ní òun kò lọ, ó ronú pìwà dà, ó sì lọ. Èkejì ní òun ń lọ, kò sì lọ. Ẹni tí ó yẹ ọ̀rọ̀ burúkú rẹ̀ ni ó ṣe ìfẹ́ bàbá.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò wí pé bí olúkúlùkù bá ń tú ẹ̀jẹ́ rẹ̀, kò ní sí ẹni tí a ó gbẹ́kẹ̀ lé mọ́. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí a kò fi gba ẹni tí ó búra láyè láti dá ẹjọ́ ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a bèèrè pé: bí mo bá yẹ ọ̀rọ̀ yìí, ta ni yóò pàdánù? Bí ó bá jẹ́ pé ọmọnìkejì mi ni, gbèsè ni, kí n san án. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbéraga mi nìkan ni, ìdè ni, kí n wá ẹni tí yóò tú u.

Ó ku ohun kan nínú orí 30 náà. Ó fún bàbá láṣẹ lórí ẹ̀jẹ́ ọmọbìnrin rẹ̀, ó sì fún ọkọ láṣẹ lórí ti ìyàwó rẹ̀, ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́-bìnrin ẹgbẹ́ wa kò ní gbà fún ẹnikẹ́ni lónìí. Ṣùgbọ́n ó tún wí pé bí ọkọ bá gbọ́ tí ó sì dákẹ́, ó ti fi ọwọ́ sí i. Bí ó bá sì wá sọ ọ́ di asán lẹ́yìn náà, òun ni yóò ru ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Àwọn tí ń wo Mèsáyà nínú Tórà máa ń dúró lórí ẹsẹ yìí, pé ẹni tí ó tú ìdè ni ó ru ẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ náà ṣókùnkùn sí mi títí mo fi lọ sílé.

Mo jókòó níwájú ìyá mi, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, àti bàbá arúgbó kan nínú ìjọ wa, mo sì jẹ́wọ́ ohun gbogbo. Kí àwọn yòókù tó sọ̀rọ̀, ìyá mi ní, "Ọjọ́ tí o búra, mo gbọ́, mo sì dákẹ́, nítorí inú ń bí èmi náà. Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá wà níbẹ̀, kí Ọlọ́run kà á sí mi lọ́rùn. Ìwọ máa lọ." Ìyá mi kò ka Hébérù rí, n kò sì tíì sọ ọ̀rọ̀ orí 30 fún un.

Mo lọ. Ahọ́n àbúrò bàbá mi ti wúwo, n kò gbọ́ ju ìlàjì ohun tí ó sọ. Ilẹ̀ kò padà, n kò sì sọ pé ó tọ́ bí ó ti tà á. Mo ní kí wọ́n fún mi ní omi, mo sì mu ún. Nígbà tí mo dìde, ó bi mí bóyá n ó tún wá. Mo ní n ó wá ní Sátidé. N kò búra sí i. Nígbà tí Sátidé pé, mo lọ.