Ẹwà àti Ilé Rẹ̀

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí olúkúlùkù ẹni tí ń kọ́ ọmọ ní ìwé, àti olúkúlùkù ọmọ tí a ń kọ́, fi ọkàn balẹ̀ rò. Ìbéèrè náà ni èyí: bí ìlú kan bá ní ohun ẹwà kan tí ọwọ́ ọmọ ènìyàn ṣe, èwo ni ó tọ́ jù? Ṣé kí ìlú náà jẹ́ kí a gbé e lọ sí ibi tí èrò pọ̀ sí, kí gbogbo ayé lè rí i? Tàbí kí ó fi í sí ipò rẹ̀ ní ilé, kí ẹni tí ó bá fẹ́ rí i dìde, kí ó sì rìn tọ̀ ọ́ wá? Ó lè dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́rọ̀ ni èyí, tí kò kan ará Ìta-Ògbólú tí ń lọ sí oko kòkó rẹ̀ ní òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá tú u wò, a óò rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ni, kò sì jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wa rárá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn kí a tó padà wá sí ilé, nítorí àwọn àgbà wí pé ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ní ilẹ̀ Jàpáànì, òkun kan wà tí ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ká, Seto ni orúkọ rẹ̀. Erékùṣù kéékèèké pọ̀ nínú rẹ̀, mẹ́ta nínú wọn sì ni Naoshima, Teshima àti Inujima. Ní ìgbà kan, kò sí ẹni tí yóò pe àwọn ibí yìí ní ibi ẹwà. Ní ọdún 1917 ni a dá ilé iṣẹ́ ìyọ́ bàbà sílẹ̀ ní Naoshima, èéfín rẹ̀ sì pa àwọn igi tí ó wà ní apá àríwá erékùṣù náà. Ti Inujima ti bẹ̀rẹ̀ ní 1909, ṣùgbọ́n nígbà tí owó bàbà wálẹ̀, wọ́n pa á tì ní 1919, ó sì di àlàpà. Ní Teshima, ilé iṣẹ́ kan da pàǹtírí olóró sí ilẹ̀ fún ọdún púpọ̀ títí di 1990. Àwọn ọ̀dọ́ ń lọ sí ìlú ńlá, àwọn arúgbó nìkan ni ó ṣẹ́kù, ilé sì ń dahoro.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan yí padà. Ọkùnrin ọlọ́rọ̀ kan, Soichiro Fukutake, ná owó ilé iṣẹ́ rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ náà, ayàwòrán-ilé Tadao Ando sì kọ́ ilé ọnà kan sí Naoshima ní 1992, tí àlejò lè sùn sí. Ní 2004 wọ́n kọ́ òmíràn sí abẹ́ ilẹ̀, kí ó má baà ba ojú òkè jẹ́. Ní 2008 àlàpà ilé ìyọ́ bàbà ti Inujima di ilé ọnà. Láti 2010, ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà ń wáyé ní àwọn erékùṣù Seto, àwọn ènìyàn sì ń ti ìpẹ̀kun ayé wá wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wò ó. Àwọn iṣẹ́ náà kì í tọ àlejò lọ. Àlejò ni í tọ̀ wọ́n wá.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a yára yìn wọ́n kí a sì kọjá. Ohun méjì wà nínú ìtàn náà tí ó yẹ kí a dá dúró lé lórí. Èkínní ni pé kì í ṣe iṣẹ́ ọnà ni ó kọ́kọ́ gba Teshima là. Àwọn ará erékùṣù náà fúnra wọn ni ó dìde, tí wọ́n bá ìjọba ṣe ẹjọ́ fún ìgbà pípẹ́, títí a fi bá wọn parí ọ̀rọ̀ ní 2000, tí a sì ṣèlérí láti kó pàǹtírí náà kúrò. Ó di 2017 kí wọ́n tó kó o tán, ó sì lé ní 900,000 tọ́ọ̀nù. Nítorí náà àwọn tí wọ́n gbá ilé wọn ni àlejò wá bá. Èkejì ni pé, nígbà tí oníṣẹ́ ọnà Tatsuo Miyajima ṣe iṣẹ́ kan sínú ilé àtijọ́ kan ní Naoshima ní 1998, ó fi òǹkà iná 125 sínú omi, ó sì pe ènìyàn 125 nínú àwọn ará erékùṣù náà, ọmọdé àti arúgbó, kí olúkúlùkù yan bí òǹkà tirẹ̀ yóò ti yára tó. Bí àlejò bá wo iṣẹ́ náà lónìí, kì í ṣe ọwọ́ àjèjì nìkan ni ó ń wò. Ìfẹ́ inú àwọn onílé wà nínú rẹ̀.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a padà wá sí ilé. Ẹni tí ó bá kúrò ní Àkúrẹ́ tí ó ń lọ sí Adó-Èkìtì yóò gba Ìjù àti Ìta-Ògbólú kọjá, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi dé Ìkẹ́rẹ́. Láàárín 1910 sí 1914, gbẹ́nàgbẹ́nà kan gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Olówè ni orúkọ rẹ̀. A bí i ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ṣùgbọ́n ní Ìsẹ̀ ni ó gbé, ó sì ń ṣe ìránṣẹ́ ní ààfin Arínjalẹ̀. Àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ igi gbà pé nínú àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ilẹ̀ Yorùbá tí a mọ orúkọ wọn, ó ṣòro láti rí ẹni tí ó ta á yọ.

Kí ni Olówè gbẹ́ sí ara ilẹ̀kùn náà? Ìbẹ̀wò ni ó gbẹ́. Ní apá kan, Ògògà jókòó lórí ìtẹ́ pẹ̀lú adé, olorì rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá kejì, òyìnbó kan ń bọ̀: Captain Ambrose, ajẹ́lẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ọkùnrin méjì rù, tí àwọn aláàárù sì ń tẹ̀lé e. Onílé jókòó sí ilé rẹ̀, àlejò sì ni ó rin ìrìn àjò.

Ní 1924 àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe àfihàn ńlá kan ní Wembley, ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, wọ́n sì pàtẹ àwọn ohun tí ó ti gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣe àkóso wá. Ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ wà nínú wọn. Ojú àwọn aláṣẹ British Museum wọ̀ ọ́, wọ́n sì fẹ́ rà á. Ògògà kò gba owó. Ṣùgbọ́n ó gbà láti fi í ṣe pàṣípààrọ̀ fún àga ìtẹ́ kan tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn náà kò ṣe padà wá. Ọ̀kan nínú àwọn òpó ààfin náà, tí Olówè gbẹ́ ère ọba àti olorì sí, wà ní ilé ọnà ti Chicago ní Amẹ́ríkà. Nípa báyìí, Ògògà tí ó jókòó lórí igi láti gba àlejò ti di àlejò fúnra rẹ̀ ní ilé àwọn ẹlòmíràn.

Ṣé ohun tí a ṣe yìí burú? Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ó dára nínú rẹ̀, nítorí agbẹjọ́ ẹnu ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ikán àti òjò kì í fi igi sílẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ilẹ̀kùn mélòó ni ó ti jẹrà ní àwọn ààfin wa, tí kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ wọn? Èyí tí ó lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù ṣì wà. Bákan náà, iṣẹ́ tí ó rìnrìn àjò ni ó gbé orúkọ Olówè kiri ayé, débi pé ní 1998 a ṣe àfihàn kan fún iṣẹ́ tirẹ̀ ní Washington. A kò sì lè sọ pé a jí ilẹ̀kùn náà, bí a ti kó àwọn ohun ààfin Bìní ní 1897 nígbà tí a fi ogun wọ ìlú náà. Ọba kan ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Ta ni ó ni ilẹ̀kùn ààfin? Ọba tí ó wà lórí ìtẹ́ ni, tàbí ìlú, pẹ̀lú àwọn tí a kò tí ì bí? Bí ó bá jẹ́ ti ọba nìkan, kò sí ẹjọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé ọba kú, ààfin kò kú. Ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ lónìí ń tọ́jú rẹ̀ de ẹni ọ̀la ni. Àwọn àgbà sì wí pé bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Ẹni tí ó gba àga kò ṣe àìdára sí ara rẹ̀, nítorí ó rí àga jókòó. Ọmọ tí a bí lẹ́yìn rẹ̀ ni kò rí ilẹ̀kùn. Lónìí ọmọ ilé ìwé Ìta-Ògbólú tí ó sún mọ́ Ìkẹ́rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé ìrìnnà, kí ó sì fò kọjá òkun, kí ó tó lè rí ohun tí a gbẹ́ fún ààfin tí ó wà ní ìtòsí rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà. Ilẹ̀kùn tí ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kì í ṣí, kì í sì í tì. Òpó tí ó wà ní Chicago kò ru òrùlé mọ́. Ẹwà wọn kò parẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn ti parẹ́. Àlejò tí ó bá wò wọ́n yóò rí ọgbọ́n ọwọ́ Olówè. Kò ní rí ìdí tí ó fi gbẹ́ wọn. Ní Naoshima, ère elégédé aláwọ̀ òféèfèé kan wà ní etí òkun, tí Yayoi Kusama ṣe ní 1994. Ní 2021 ìjì líle gbé e ṣubú sínú òkun, ó sì bàjẹ́. Wọn kò tìtorí èyí gbé e wọ inú yàrá. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì dá a padà sí ipò rẹ̀ ní 2022. Wọ́n mọ̀ pé ohun tí ó wà ní ilé rẹ̀ lè rí ewu, ṣùgbọ́n ewu ilé sàn ju àlàáfíà ìgbèkùn lọ.

Ẹnìkan lè wí pé, “Jàpáànì lówó, àwa kò ní Fukutake.” Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria, dé ilẹ̀ wa ní 1950. Òun, Adébísí Àkànjí tí ó ti jẹ́ bíríkìlà, àti àwọn mìíràn, fi sìmẹ́ńtì, amọ̀ àti igi ṣe ère ńláńlá sínú igbó náà. Kò gbé wọn lọ sí ìlú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó dúró, títí ó fi kú ní Òṣogbo ní 2009. Ní 2005 àjọ UNESCO kọ igbó náà mọ́ àwọn ibi tí í ṣe ogún gbogbo ayé, àlejò sì ń wá títí di òní.

Kí ni ìdájọ́ wa, nígbà náà? Mo rò pé ohun ẹwà lè rìnrìn àjò gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ti ń rìn, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní ilé tí yóò padà sí. Yíyá tọ́, àwáàdá kò tọ́. Àlejò náà sì ní ojúṣe tirẹ̀. A máa ń wí pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Kí ó tó wo iṣẹ́, kí ó kí onílé. Kí ó béèrè orúkọ ẹni tí ó ṣe é, àti ohun tí a ń fi í ṣe.

Ṣùgbọ́n onílé ni ojúṣe rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ̀yin olùkọ́, kí àwọn ọmọ yín tó kọ́ orúkọ àwọn ayàwòrán ilẹ̀ òkèèrè, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ti Olówè. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wá àwọn tí ń mọ ìkòkò, tí ń hun aṣọ, tí ń gbẹ́ igi ní ìlú yín lọ. Ẹ béèrè orúkọ wọn, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ náà. Ohun tí ìlú kò mọ orúkọ rẹ̀, kò ní mọ ìgbà tí yóò sọnù. Èyí tí ó bá sì mọ iyì ohun tí ó wà ní ọwọ́ rẹ̀ kò ní fi í ṣe pàṣípààrọ̀ fún àga.